Fèrèsé òkúta tí ọmọ Áfíríkà fi sílẹ̀ ní Ahmedabad

Ẹni tó bá dé ìlú Ahmedabad, ní ìpínlẹ̀ Gujarat, lápá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Íńdíà, kò ní pẹ́ rí àwòrán igi kan tí àwọn ẹ̀ka rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn bí irun tí wọ́n dì. Ó wà lára ẹrù tí wọ́n ń tà fún àlejò. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ nípa àbójútó okòwò nílùú náà, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, wò ó ṣe àmì ara rẹ̀. Ara fèrèsé mọ́ṣáláṣí kékeré kan ni igi ọ̀hún ti wá. Ẹni tó kọ́ mọ́ṣáláṣí náà kì í ṣe ọmọ Íńdíà. Ọmọ Áfíríkà ni. Sidi Saiyyed lorúkọ rẹ̀, ọdún 1573 sì ni iṣẹ́ náà parí.

Ìdí tí a fi lọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ ló mọ̀ nípa àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó gba ojú omi lọ sí Bàháyà àti Kúbà, nítorí ìdílé àwọn Àgùdà tó padà wálé ṣì wà láàárín wa. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó gba òkun ìlà-oòrùn lọ sí Íńdíà kò wọ́pọ̀ lẹ́nu wa. Ọjọ́ mẹ́rin la lò ní Ahmedabad. A sì rí i pé kò sí bí a ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ fèrèsé yìí láì sọ ti ìlú tó gbà á sọ́dọ̀.

Súlútánì Ahmad Shah ló tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1411, létí odò Sabarmati. Ilẹ̀ náà kò ṣófo kó tó dé: ìlú kéékèèké ti wà níbẹ̀, wọ́n ń pe ọ̀kan ní Ashaval, wọ́n ń pe ọ̀kan ní Karnavati. Ẹ fi orúkọ Karnavati yìí sọ́kàn, a ó padà sí i. Ìtàn tí àwọn ọmọdé ibẹ̀ mọ̀ ni pé ọba ń ṣọdẹ létí odò lọ́jọ́ kan, ló bá rí ehoro kan tó yíjú padà, tó wá ń lé àwọn ajá ọdẹ. Ọba ní ilẹ̀ tí ehoro ti ń lé ajá, ilẹ̀ akọni ni, ibẹ̀ lòun máa kọ́ ìlú òun sí. Ìtàn kejì, àwọn Mùsùlùmí ló fẹ́ràn rẹ̀ jù: wọ́n ní àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó ń jẹ́ Ahmad, tí ìkankan nínú wọn kò pa ìrun Àsárì jẹ rí láyé rẹ̀, ni wọ́n jọ na okùn ìpìlẹ̀ ìlú. Ọba fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Sheikh Ahmad Khattu, àáfà àgbà tí ọba máa ń gba àdúrà lọ́dọ̀ rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan. Nínú ìtàn méjèèjì, ká sòótọ́, ti ehoro ló dùn mọ́ wa jù.

Láti ààfin àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Bhadra, ọ̀nà kan lọ tààrà sí mọ́ṣáláṣí Jímọ̀, ẹnubodè òkúta ńlá kan sì dábùú ọ̀nà náà. Teen Darwaza ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹnu ọ̀nà mẹ́ta, nítorí mẹ́ta ni ihò tí èèyàn lè gbà kọjá. Láyé ọjọ́un, ọba àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ló ń gba ibẹ̀. Lónìí, àwọn tó ń ta bàtà, aṣọ ọmọdé àti ẹ̀gbà ọwọ́ ló tẹ́ ọjà sí abẹ́ rẹ̀, alùpùpù sì ń fun fèrè lẹ́yìn èèyàn láì dákẹ́.

Nínú ihò kékeré kan lára ògiri ẹnubodè náà, fìtílà kan ń jó. Àwọn ará ìlú sọ pé Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, fẹ́ fi ìlú sílẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ọ̀gá àwọn ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹnubodè bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró de òun, kí òun lọ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọba. Òrìṣà gbà, ó ní òun ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí ọkùnrin náà bá padà dé. Ọlọ́dẹ dé ààfin, ó ro ẹjọ́, ó wá ní kí ọba bẹ́ òun lórí. Bí òun ò bá padà, ọrọ̀ kò ní kúrò nílùú láéláé. Mùsùlùmí ni ọlọ́dẹ náà, Mùsùlùmí sì ni ìdílé tó ń bu epo sí fìtílà òrìṣà Híńdù yìí títí di òní. A dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tó ń kọjá kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti mọ́ wọn lára.

Mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Ọdún 1424 ni wọ́n parí rẹ̀, òkúta aláwọ̀ ìyẹ̀fun òkèlè àmàlà pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ariwo ọjà wà lẹ́yìn èèyàn, ó gun àtẹ̀gùn mélòó kan, ó bọ́ bàtà, ó bá ara rẹ̀ nínú àgbàlá tó tẹ́jú lọ títí, tí ẹyẹlé àti àwọn àgbàlagbà tó ń sinmi nìkan wà níbẹ̀. Nínú ilé ìrun, òpó 260 ló dúró bí igi inú igbó, òrùlé rìbìtì 15 sì wà lórí wọn. Ìmọ́lẹ̀ ń já bọ́ láti òkè díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń rí lábẹ́ igi ńláńlá.

Ohun tó dá wa dúró níbẹ̀ ni ara àwọn òpó náà. Òdòdó orí omi wà lára wọn, ẹ̀wọ̀n àti agogo tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe wà lára tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù àti Jain káàkiri Gujarat. Kò yẹ kó yani lẹ́nu. Ọba ní owó, ó ní àṣẹ, ó mọ ibi tí ìrun kọjú sí. Àmọ́ àwọn agbẹ́kùúta ìlú ló ní iṣẹ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ tí bàbá wọn kọ́ wọn ni wọ́n sì ṣe. Ẹni tó bá ti rí mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tó wà ní Àjàṣẹ́, tí ojú rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàháyà nítorí pé àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ, yóò tètè lóye rẹ̀. Ohun kan tún wà tí a ò gbọ́dọ̀ fò: ní mọ́ṣáláṣí tí ọba kọ́kọ́ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, ṣáájú ti Jímọ̀ yìí, àwọn òpó kan wà tó jẹ́ pé ara tẹ́ńpìlì ni wọ́n ti yọ wọ́n. Ìfẹ́ nìkan kọ́ ló kọ́ ìlú yìí. Ìṣẹ́gun náà wà ńbẹ̀.

Òpó gíga méjì tí ládàánì fi ń pe ìrun wà níwájú mọ́ṣáláṣí náà nígbà kan. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1819 ba wọ́n jẹ́, ìdí wọn nìkan ló kù tí èèyàn ń rí.

Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà ìlà-oòrùn jáde á bá ara rẹ̀ níwájú sàréè Ahmad Shah, tó kú ní 1442, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì sùn tì í. Wọn kì í jẹ́ kí obìnrin wọ yàrá tí ibojì ọba wà, nítorí náà àwọn obìnrin tó wà láàárín wa dúró sí ìta, inú wọn kò sì dùn sí i. Sàréè àwọn olorì wà ní òdìkejì ọ̀nà, lórí ilẹ̀ gíga kan, àwọn ọlọ́jà aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́ ti yí i ká débi pé èèyàn lè kọjá láì mọ̀ pé olorì ọba wà lókè. Manek Chowk ni gbogbo àyíká yẹn: ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀ láàárọ̀, wúrà àti fàdákà lọ́sàn-án, oúnjẹ gbígbóná lóru.

Mọ́ṣáláṣí Sidi Saiyyed ni ká wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí. Ní ìkóríta tí ọkọ̀ ti ń dí ara wọn lọ́nà, nítòsí ibi tí wọ́n ń pè ní Lal Darwaza, ló wà. Ó kéré. Ẹni tó ti ọ̀dọ̀ mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ bọ̀ lè rò pé òun ṣìnà. Kò ní ògiri níwájú, ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí ọgbà koríko kékeré kan. Fèrèsé òkúta mẹ́wàá ló wà lára ògiri ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn, orí wọn rí bí oṣù tó dé ìdajì. Àwọn kan nínú wọn, ọnà igun mẹ́rin igun mẹ́rin ni wọ́n gbẹ́ sí i. Àwọn méjì tó lókìkí jù ló ní igi: ọ̀pẹ dúró, igi mìíràn tó tẹ́rẹ́ dìde láàárín, ẹ̀ka rẹ̀ yí, ó ká, ó kọjá lórí ara rẹ̀, ewé àti òdòdó kún gbogbo àyè tó ṣẹ́ kù. Òkúta ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n lu òkúta ní ihò wínníwínní títí ó fi dà bí aṣọ léèsì, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ wọlé.

Ìrọ̀lẹ́ la lọ, ìrọ̀lẹ́ náà sì ló dára láti lọ. Ògiri ẹ̀yìn ni fèrèsé onígi wà, ìwọ̀-oòrùn ló sì kọjú sí, torí náà bí oòrùn bá ti ń wọ̀, igi náà á dúdú, ojú ọ̀run á di wúrà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn ń kí ìrun lọ, ẹnikẹ́ni kò lé wa. Fèrèsé àárín, tó yẹ kó jẹ́ ọ̀gá gbogbo wọn, òkúta lásán ni wọ́n fi dí i. Àwọn ará ìlú ní ogun ló dé bá iṣẹ́ náà, nítorí láàárín 1572 sí 1573 ni Akbar, ọba àwọn Mughal, gba Gujarat, tí ìjọba àwọn Súlútánì sì parí.

Ta ni Sidi Saiyyed? Àwọn Lárúbáwá ń pe ilẹ̀ Etiópíà ní Habasha, ará ibẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní Habshi ní Íńdíà. “Sidi” jẹ́ orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ Áfíríkà. Sidi Saiyyed wà lára àwọn èèyàn Bilal Jhajar Khan, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun Súlútánì tó jẹ gbẹ̀yìn. Òun nìkan kọ́ ni ọmọ Áfíríkà tó rọ́wọ́ mú ní Íńdíà. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n fi ń kó àwọn ọmọkùnrin láti ìwo Áfíríkà gba Òkun Pupa kọjá, ẹrú ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn kan sì jẹ́ atukọ̀ tàbí ọmọ ogun tó wá iṣẹ́ lọ. Àwọn ọba ibẹ̀ ń kọ́ wọn ní ìjà, wọ́n ń kó wọn sí ẹ̀ṣọ́, torí pé àlejò kò ní ìdílé nílùú tí yóò bá gbìmọ̀ ọ̀tẹ̀. Ẹni tó bá lè jà, tó sì lọ́gbọ́n lórí, ó lè dìde. Malik Ambar, tí wọ́n tà lẹ́rú láti Etiópíà nígbà tó wà lọ́mọdé, di adelé ọba Ahmadnagar ní ilẹ̀ Deccan, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún da àwọn ọmọ ogun Mughal láàmú títí ó fi kú ní 1626.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ti Bàháyà pọ̀, kò yẹ ká máa fi ọ̀kan bo èkejì. Àmọ́ ìbànújẹ́ ọmọ tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ọ̀kan náà ni, ibi yòówù kí ọkọ̀ kọjú sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹwà fèrèsé mú wa gbàgbé.

Mọ́ṣáláṣí náà rí ojú ayé. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, wọ́n sọ ọ́ di ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n kun inú rẹ̀ ní funfun, àwọn akọ̀wé jókòó síbi tí èèyàn ti ń forí kanlẹ̀. Lord Curzon, tó jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà nígbà náà, ló ní kí wọ́n kó kúrò níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ bi wá ibi tí a ti wá. A ní Bẹ̀nẹ̀, ní Áfíríkà. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nawọ́ sí fèrèsé, ó ní ẹni wa ló kọ́ ọ. A kò bá a jiyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Etiópíà kò kúrú rárá.

Àwọn ọmọ àwọn tó wá nígbà náà kò tíì tán. Siddi ni wọ́n ń pè wọ́n lónìí. Àwọn kan ń gbé ní Ahmedabad, àwọn mìíràn wà ní abúlé Jambur, nítòsí igbó Gir tí kìnnìún wà. Èdè Gujarati ni wọ́n ń sọ, oúnjẹ Gujarat ni wọ́n ń jẹ. Ìlù wọn ni kò gbàgbé ilé: goma ni wọ́n ń pe ijó àti ìlù tí wọ́n ń lù fún àwọn ẹni mímọ́ wọn, ọ̀rọ̀ náà sì bá “ngoma” tan, èyí tó túmọ̀ sí ìlù lẹ́nu àwọn ará ìlà-oòrùn Áfíríkà.

Láti ibẹ̀ a lọ sí àdúgbò Asarwa, lápá àríwá ìlú, láti wo kànga. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kànga alátẹ̀gùn ni. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Harir, alábòójútó ilé àwọn olorì Súlútánì Mahmud Begada, ló ní kí wọ́n wà á ní 1499. Èèyàn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀, àjà márùn-ún, láàárín òpó àti ọnà, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi tutù. Àwọn obìnrin tó wá pọn omi àti àwọn oníṣòwò tó ń rìnrìn àjò ló ń sinmi níbẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sára ògiri rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá, wọ́n sì tún kọ ọ́ ní Sanskrit, èdè ẹ̀sìn àwọn Híńdù. Èyí tó wà ní Sanskrit kí Varuna, òrìṣà omi, ó sì sọ iye tí wọ́n ná: owó mahmudi 329,000. Obìnrin Mùsùlùmí ló náwó, òrìṣà omi ni wọ́n kí, ẹni tí òùngbẹ bá sì ń gbẹ ló ni ín. Ó ti gbẹ nígbà tí a dé ìsàlẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Harir àti sàréè rẹ̀ wà lẹ́yìn kànga náà, ọmọdé méjì ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Àwọn òpó tó ń mì, tí gbogbo ìwé arìnrìn-àjò ń pariwo rẹ̀, kò pẹ́ wa lójú. Ti Sidi Bashir wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Òpó méjì àti ẹnu ọ̀nà àárín nìkan ló kù nínú mọ́ṣáláṣí náà. Wọ́n ní tí èèyàn bá mi ọ̀kan láti òkè, èkejì á mì pẹ̀lú. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun ún mọ́, ìsàlẹ̀ la ti wò ó.

Sarkhej dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ìlú ló wà, lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Sheikh Ahmad Khattu, ọ̀kan nínú àwọn Ahmad mẹ́rin, ni wọ́n sin síbẹ̀, wọ́n sì parí sàréè rẹ̀ ní 1451. Nígbà tó yá, Mahmud Begada kọ́ ààfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbẹ́ adágún omi ńlá, òun fúnra rẹ̀ sì sùn síbẹ̀ ní 1511. Ọba lọ sùn lẹ́sẹ̀ àáfà. Àwọn ìdílé gbé oúnjẹ wá, wọ́n tẹ́ aṣọ sábẹ́ òpó, àwọn ọmọ ń sáré lórí àtẹ̀gùn adágún. Ariwo ìlú kò dé ibẹ̀.

Ibì kan wà tí a lọ tí kò sí nǹkan kan láti wò. Ní àdúgbò Shahibaug, sàréè Wali wà níbẹ̀ nígbà kan. Akéwì ni, ó kú ní 1707, wọ́n sì kà á sí ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó fi ìpìlẹ̀ ewì èdè Urdu lélẹ̀. Lóṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 2002, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Gujarat láàárín ẹlẹ́sìn Híńdù àti Mùsùlùmí. Ó ju ẹgbẹ̀rún kan èèyàn lọ tó kú, Mùsùlùmí sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn jàǹdùkú wó sàréè akéwì náà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti da ọ̀dà sórí ilẹ̀ rẹ̀, ó di ojú títì. A dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ọkọ̀ ń kọjá. Kò sí àmì, kò sí òkúta.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìyẹn, ní 2017, àjọ UNESCO kọ orúkọ Ahmedabad sínú ìwé àwọn ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé. Òun ni ìlú àkọ́kọ́ ní Íńdíà tó gba ipò náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, igbákejì olórí ìjọba ìpínlẹ̀ sọ ní gbangba pé ìjọba ń rò ó láti pa orúkọ ìlú dà, kí wọ́n máa pè é ní Karnavati, orúkọ tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ahmedabad ló ṣì ń jẹ́. Àwọn tó fẹ́ Karnavati ní ẹjọ́ tiwọn: orúkọ náà ṣáájú ti Ahmad Shah, àwọn òpó tí wọ́n yọ lára tẹ́ńpìlì sì jẹ́rìí pé ìlú ò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ náà kò lè parí síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ orúkọ àwọn Mùsùlùmí kúrò nínú ìlú yìí, kí ló fẹ́ ṣe sí fìtílà Lakshmi? Kí ló fẹ́ ṣe sí igi Sidi Saiyyed tí ìlú fi ń ṣe fáàrí?

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta. Lóṣù karùn-ún, ooru ibẹ̀ máa ń kọjá ìwọ̀n 40. Láàárọ̀, àwọn afinimọ̀nà máa ń kó àlejò rìn láti tẹ́ńpìlì Swaminarayan ní Kalupur títí dé mọ́ṣáláṣí Jímọ̀, láàárín àwọn àgbo-ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní pol. Ọdún 1997 ni ìrìn náà bẹ̀rẹ̀, ó sì tó owó tí wọ́n ń gbà. Ibi tó kù, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó gòkè. Ẹ wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún, kí obìnrin mú ìborùn dání, kí ẹ má lọ lásìkò ìrun Jímọ̀ àfi tí ẹ bá fẹ́ kí i. Òfin Gujarat kò fàyè gba ọtí. Ẹ sì mú ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́: òkúta àgbàlá mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ lọ́sàn-án gangan kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀.